Pọ́n-ùn Márùn-ún Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù: Ṣé Tẹ́tẹ́ Ni?



Ọmọ ilé kéú mi kan, tí ó ti ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ni ó kọ ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, òun àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ gbá gọ́ọ̀fù. Olúkúlùkù á mú pọ́n-ùn márùn-ún sílẹ̀, ẹni tí ó bá borí á kó ogún pọ́n-ùn lọ. Ó ní òun kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀ rí, àfi ìgbà tí àbúrò òun nílé kó owó ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fi ránṣẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, tí ó sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán lórí bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó. Nígbà tí òun bá a wí, ohun tí ọmọ náà fi dáhùn ni pé: "Bọ̀dá mi, gọ́ọ̀fù tí ẹ̀yin ń fi owó gbá ńkọ́?" Ó ní, "Ùsításì, mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?"

Mo kọ́kọ́ kọ èsì ìlà kan, pé haràámù ni, mo sì fa ìwé náà ya. Kì í ṣe pé ìdáhùn náà kò tọ̀nà o. Ohun tí mo rò ni pé bí mo bá fi ìlà kan dá ẹ̀gbọ́n lóhùn, ìlà kan náà ni òun yóò fi dá àbúrò lóhùn, kò sì sí ẹni tí yóò lóye nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á ti ibi tí ó rọrùn bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Láti ọdún 1906 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de títa tẹ́tẹ́ ní ìgboro, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé òfin náà kò dá a dúró, wọ́n gba àwọn ènìyàn láàyè láti ṣí ṣọ́ọ̀bù fún un ní oṣù Karùn-ún ọdún 1961. Nígbà tí ó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ wọ inú ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí, ẹ̀rọ tí ènìyàn lè fi tó 100 pọ́n-ùn sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì jó o lójú ẹsẹ̀. Ó di oṣù Kẹrin ọdún 2019 kí ìjọba tó gé e wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì péré. Àwa náà nílé kò ṣàì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá kan ní àdúgbò wa máa ń rán mi ní ìwé púùlù. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ta á, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá sì lọ sí ìsinmi, ti Australia ni wọn yóò máa fi ta á. Mo rántí bàbá yìí tí ó káwọ́ lérí nítorí pé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjì kò gbá ọ̀mì ní ìlú tí kò mọ apá ibi tí ó wà. Ọlọ́hun kí ó forí jìn ín, kí ó sì forí jin èmi tí mo ń jẹ ìránṣẹ́, nítorí náírà tí ó máa ń fún mi ni mo fi ń ra gúgúrú.

Ilé tẹ́tẹ́ kò nílò láti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ ní kọ̀rọ̀. Bí ẹ̀yin méjì bá ta owó ẹyọ sókè, tí olúkúlùkù fi 100 náírà lé e, ẹni tí ó bá jẹ á kó 200. Ilé tẹ́tẹ́ yóò gba 100 lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, yóò sì san 190 fún ẹni tí ó jẹ. Náírà mẹ́wàá yẹn ni ó fi ń sanwó iná, owó òṣìṣẹ́ àti ti ìpolówó, ó sì ń ṣẹ́ èrè. Ẹni tí ó bá jẹ lónìí tí ó padà wá lọ́la, tí ó tún padà wá lọ́tùn-únla, ń gbé náírà mẹ́wàá mẹ́wàá náà padà wá fún wọn ni.

Ọ̀rẹ́ wa tí ń gbá gọ́ọ̀fù yóò sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Kò sí ẹni tí ń gé nǹkan kan nínú ogún pọ́n-ùn tiwa." Òótọ́ ni. Yóò tún sọ pé owó náà kéré, pé ọ̀rẹ́ ni àwọn, pé ọgbọ́n ọwọ́ ni àwọn fi ń jẹ ẹ́, kì í ṣe oríire. Àwọn aláṣẹ gọ́ọ̀fù pàápàá ti sọ ọ́ tipẹ́ nínú ìmọ̀ràn wọn fún àwọn tí kì í fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ pé àwọn kò bá irú ìta-tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ wí, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí ń ta á bá mọ ara wọn, tí owó náà kò sì pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí á mú ti ọgbọ́n ọwọ́ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń dúró sí. Ní ọdún 1991, ọkùnrin méjì láti ìhà Essex ṣe ìṣirò, wọ́n rí i pé nínú ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá, kì í ṣe nǹkan ìyanu kí ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣẹlẹ̀ ní ìdajì ìgbà. Wọ́n wá ń wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kéékèèké káàkiri, wọ́n ń béèrè iye tí wọ́n máa san bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Àwọn onísọ́ọ̀bù tí kò mọ gọ́ọ̀fù dá iye tí ó jọ wọ́n lójú. Àwọn kan tilẹ̀ ní àwọn yóò san ìlọ́po 100. Nígbà tí ọdún náà yóò fi parí, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n jẹ. Àwọn onísọ́ọ̀bù kan kọ̀ láti san án, kò sì sí ilé-ẹjọ́ tí ó lè fi ipá gbà á fún wọn, nítorí títí di ọdún 2007, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ka gbèsè tẹ́tẹ́ sí gbèsè.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé oríire lásán ni àwọn ọkùnrin yìí fi jẹ. Ìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ìmọ̀ wọn sọ owó náà dà? Wọn kò ta ọjà fún onísọ́ọ̀bù, wọn kò bá a ṣiṣẹ́. Àìmọ̀ rẹ̀ ni wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ fún un. Nítorí náà, bí ọgbọ́n bá wọ inú tẹ́tẹ́, kì í sọ tẹ́tẹ́ di òwò. Ẹni tí yóò jẹ ẹlòmíràn ni ó kàn ń yàn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fìkìhù wa kò fi fi ọgbọ́n tàbí oríire ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ta ni ó mú owó sílẹ̀. Bí olúkúlùkù bá mú owó wá, tí kálukú sì wà láàárín kí ó jẹ tàbí kí wọ́n jẹ ẹ́, kìmáàrì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọba tàbí ẹlòmíràn tí kò sí nínú eré náà ni ó gbé ẹ̀bùn kalẹ̀, kò sí ẹni tí ó pàdánù nǹkan kan.

Hàdíísì tí Abu Hurayra gbà wá fi àyè ẹ̀bùn ìdíje sílẹ̀ fún ràkúnmí, ẹṣin àti ọfà, nítorí ohun tí àwùjọ fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni wọ́n. (Ọ̀rọ̀ ẹni kẹta tí wọ́n ń pè ní mùhálílì wà níbẹ̀, Ibn al-Qayyim sì bá àwọn mìíràn jiyàn lé e lórí gidigidi, ṣùgbọ́n orí ẹṣin àti ọfà ni àríyànjiyàn yẹn wà.) Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á pé ní ọdún 1457, ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Scotland, níbi tí gọ́ọ̀fù ti gbèrú, fi òfin de gọ́ọ̀fù nítorí pé kò jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ráyè kọ́ ọfà títa! Ẹ tún wo ti ọdún 1744: nígbà tí àwọn agbá-gọ́ọ̀fù ìlú Leith fẹ́ díje, ìgbìmọ̀ ìlú Edinburgh ni ó gbé ọ̀pá gọ́ọ̀fù onífàdákà kalẹ̀ fún ẹni tí yóò borí. Ìyẹn kò ní àbùkù kankan. Ọ̀nà tí kò ní àbùkù wà nínú eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Bí a bá wá fi owó náà ṣe sàráà ńkọ́?" Àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa. Máísírì tiwọn ni pé wọ́n á pa ràkúnmí, wọ́n á fi ọfà mẹ́wàá ṣẹ́ gègé lé e, méje ní ìpín, mẹ́ta jẹ́ òfìfo. Àwọn tí gègé wọn kò bá mú ni yóò san owó ràkúnmí, àwọn tí ó jẹ ẹ́ sì sábà máa ń pín ẹran náà fún aláìní. Ìtìjú ni fún ẹni tí kò bá dá sí i. Èyí jẹ́ ara ìdí tí Àlùkùránì fi sọ nínú Súrà Kejì, àáyà 219, pé àǹfààní wà níbẹ̀. Síbẹ̀ Súrà Karùn-ún, àáyà 90 àti 91, kó o dà nù, ó sì sọ ìdí rẹ̀: ọ̀tá tí ó ń dá sílẹ̀ láàárín ènìyàn, àti ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ibi tí ó nira fún mi nìyí, n kò sì ní fi pamọ́. Àwọn mẹ́rin yìí kò kórìíra ara wọn. Wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń bá ara wọn gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀tá dà níbẹ̀?

Mo ní kí ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka eré náà fún mi. Ó ní kí ẹni tí kò gbóná lè bá ọ̀gá díje, wọ́n máa ń fún olúkúlùkù ní iye kan tí wọn yóò yọ kúrò nínú ìgbá rẹ̀. Hándíkáàpù ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí hándíkáàpù rẹ̀ jẹ́ 20, bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 95, 75 ni wọn yóò kọ fún un. Kò sí adájọ́ tí ń tẹ̀ lé wọn. Bí bọ́ọ̀lù rẹ bá wọ inú koríko, ìwọ nìkan ni o mọ ohun tí o ṣe níbẹ̀. Ní ọdún 1925, Bobby Jones, tí kò gba owó ẹ̀bùn ìdíje rí, rí i pé bọ́ọ̀lù òun mira díẹ̀ nínú koríko nínú ìdíje ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò sí ẹlòmíràn tí ó rí i. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ìgbá kan kún tirẹ̀, ó sì pàdánù ife náà lẹ́yìn tí òun àti ẹlòmíràn ti ṣe ọgbọọgba. Àmáánà ni wọ́n fi mọ eré yìí.

Ẹ wá fi ogún pọ́n-ùn sí àárín irú àmáánà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù burúkú kí hándíkáàpù rẹ̀ lè ga, kí ó lè wá jẹ owó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ tí wọ́n ń pè é: bandit, ìyẹn ọlọ́ṣà. Wọ́n ń fi ṣe àwàdà ni o. Mo bi ọmọ kéú mi pé ṣé wọ́n ti pe ẹnì kan bẹ́ẹ̀ rí láàárín wọn. Ó ní wọ́n ti pe òun bẹ́ẹ̀ ní ìgbà méjì tí òun jẹ tẹ̀lé ara wọn, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dun òun dé ilé.

Èsì tí mo padà kọ sí i ni pé kìmáàrì ni. Mo tún kọ ọ́ pé òun àti àbúrò rẹ̀ kò dọ́gba nínú ìpalára: márùn-ún tirẹ̀ kò lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé-ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò béèrè ìwọ̀n, irú rẹ̀ ni ó béèrè, ó sì jàre. Kí ó jẹ́wọ́ fún un bẹ́ẹ̀, kí ó dá tirẹ̀ dúró, kí ó tó sọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́. N kò ní kí ó fi gọ́ọ̀fù sílẹ̀ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣe fẹ́. Ìrìn ẹsẹ̀ wákàtí mẹ́rin nínú koríko kì í ṣe haràámù, bí kò bá ti jẹ ìrun Súúrì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó ti fèsì. Ó ní òun sọ fún àwọn mẹ́ta náà pé òun ó máa gbá a láìfi owó sí i. Wọn kò bínú, ṣùgbọ́n wọn kò dá tiwọn dúró; pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó wà nílẹ̀ báyìí dípò ogún. Àbúrò rẹ̀ ka lẹ́tà rẹ̀, kò tíì dá a lóhùn. Ó wá fi ìbéèrè mìíràn kún un: nítorí pé òun nìkan ni kò ní owó níbẹ̀, òun ni àwọn mẹ́ta yòókù ní kí ó máa di ìwé ìṣirò mú, kí wọ́n má baà máa fura sí ara wọn. Ṣé òun ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ ni? Mo ṣì ń rò ó.