Iṣẹ́ Tí A Kò Gbọdọ̀ Tún Ṣe

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé kí òjíṣẹ́ lo làákàyè, kó yọ ègún inú ọ̀rọ̀, kó fi sùúrù jẹ́ iṣẹ́ náà kí ìjà má baà dé. Láàárín àna méjì, ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí a kò gbà kí òjíṣẹ́ fi ọgbọ́n orí rẹ̀ tún ṣe rárá, ìyẹn ni èyí tí àwọn onígbàgbọ́ sọ pé Ọlọ́run ló rán. Níbẹ̀, ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Báwo la ṣe wá ń mọ̀ pé òjíṣẹ́ kò yọ kúrò, kò sì fi kún un? Ní Joga-Orílé àti káàkiri ilẹ̀ Yewa, níbi tí Mùsùlùmí àti Krístẹ́nì ti ń jẹun nínú àwo kan náà, ìbéèrè yìí sábà máa ń di asọ̀. Ọ̀kan á ní wọ́n ti yí Bíbélì padà. Èkejì á ní wọ́n ti dáná sun Kùránì àtijọ́. Èrò tèmi ni pé àwọn méjèèjì ń bi ara wọn ní ìbéèrè tí kò kúnjú. Kò sí ìwé mímọ́ tí ìwà rere òjíṣẹ́ kan ṣoṣo dáàbò bò. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí tó lè bá òjíṣẹ́ wí ló dáàbò bò ó, àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ló sì yẹ ká máa béèrè.

Ẹ wo ilé kéú. Ọmọ jókòó ti wàláà rẹ̀, tàdáwà orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Ó ń kà á sókè, ogún ọmọ mìíràn ń ka tiwọn, síbẹ̀ bó bá fa ohùn níbi tí kò yẹ, etí alùfáà á yọ ọ́ nínú ariwo yẹn, á dá a padà. Àfìgbà tó bá mọ̀ ọ́n lórí ni wọ́n tó ń fọ wàláà kọ òmíràn. Ẹni tó ti ṣe wòlímọ̀ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò. Lórí ìrun àṣámù nínú Ràmàdáánì, bí lémọ́ọ̀mù bá fo gbólóhùn kan, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á kà á fún un lójú gbogbo jàmáà, kò sì sí ẹni tó máa kà á sí àfojúdi.

Àṣà yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun Yamama pa púpọ̀ nínú àwọn tó mọ Kùránì lórí, ní nǹkan bí ọdún 633, Umar gba kálífà Abu Bakr nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó o jọ, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Zayd ibn Thabit, tó ti ń ṣe akọ̀wé fún Ànábì. Zayd mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n kò fi orí tirẹ̀ nìkan ṣe ìdájọ́. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó wá ohun tí wọ́n kọ sára imọ̀ ọ̀pẹ àti òkúta pẹlẹbẹ, ó sì fi wé ohun tó wà láyà àwọn ènìyàn. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, Uthman, tó ti di kálífà nígbà náà, ní kí wọ́n da ẹ̀dà kọ, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńlá, ó sì ní kí wọ́n sun ìyókù.

Àwọn alátakò á ní iná yẹn jó ẹ̀rí. Mi ò ní sọ pé kò jó nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi nǹkan pa mọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìtàn. Àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé Uthman sun ìwé, àwọn náà ló sì kọ ọ́ pé Ibn Mas'ud, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, ní Kufa kò fara mọ́ ọn. Èyí tó tún wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé wọn ò fi ìyàtọ̀ tó kù nínú kíkà pa mọ́. Nínú Fátíhà, kíkà Hafs, tó gbà á lọ́wọ́ Asim ará Kufa, ń fa ohùn níbẹ̀rẹ̀ «māliki». Kíkà Warsh, tó gbà á lọ́wọ́ Nafi' ará Mẹ̀dínà, tí àwọn alùfáà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń lò láti ìgbà pípẹ́, kò fà á. A mọ ẹni tó kà á, a mọ olùkọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni Májẹ̀mú Tuntun gbà. Kò sí ọba tó pàṣẹ ẹ̀dà kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ń dà á kọ fún ìjọ kejì. Ọdún 367 ni Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alexandria, ka ìwé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gan-an tí a ní lónìí nínú lẹ́tà rẹ̀. Ẹ̀dà àfọwọ́kọ ní èdè Gíríìkì tó kù lé ní 5,000, wọ́n sì yàtọ̀ síra níbi púpọ̀, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ tó yí ipò padà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló kéré. Ẹsẹ méjìlá tó gbẹ̀yìn Ìhìnrere Máàkù, àti ìtàn obìnrin tí wọ́n mú nínú panṣágà nínú Jòhánù, kò sí nínú Codex Sinaiticus àti Codex Vaticanus, ẹ̀dà ọ̀rúndún kẹrin. Alátakò á ní, ẹ ò rí i pé wọ́n fi kún un? Èmi náà á béèrè: ta ló sọ fún un? Àwọn ọ̀mọ̀wé Krístẹ́nì tó fi ẹ̀dà wé ẹ̀dà ni. Nítorí pé a kò jó àwọn ẹ̀dà náà, tí wọ́n sì fọ́n ká dé ibi tí ọwọ́ ẹnì kan kò lè ká, àfikún kò rí ibi sá sí.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ọ̀nà ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí yìí náà ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì gbà. Samuel Ajayi Crowther, tó gba Àgbádárìgì wọlé ní 1845, tẹ ìwé Róòmù inú Bíbélì jáde ní Yorùbá ní 1850. Iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó ní 1862, àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ sì bá a lọ. Iṣẹ́ Bíbélì kò dúró, torí kò dá lórí Crowther nìkan. Thomas King àti àwọn atúmọ̀ mìíràn wà nínú rẹ̀, odidi Bíbélì sì jáde ní 1884. Ní 1906, àlùfáà ìjọ kan, M. S. Cole, tẹ Kùránì ní Yorùbá. Àwọn Mùsùlùmí kò fi iṣẹ́ yẹn rọ́pò ohun tí ọmọ ń kà lórí wàláà, wọ́n sì tọ̀nà. Inú èdè Lárúbáwá ni ẹlẹ́rìí wọn wà.

Ẹnì kan lè sọ pé gbogbo èyí kò fi hàn pé Ọlọ́run ló rán iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni. Ẹlẹ́rìí lè jẹ́rìí pé ohun tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ni a gbà. Ibi tí iṣẹ́ náà ti wá, ìgbàgbọ́ ló ń dáhùn ìyẹn. Àwọn tó ń jiyàn lọ́jà sì máa ń da méjèèjì pọ̀, wọ́n á fi àṣìṣe adàwékọ kan sọ pé ẹ̀sìn ẹlòmíì irọ́ ni.

Ní báyìí, ọmọ Yewa lè fi fóònù gbọ́ ohùn olùka Kùránì tó dùn jù ní Mẹ́kà. Ó dára, ṣùgbọ́n ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò gbọ́ ti ọmọ náà. Ó ṣì ní láti jókòó níwájú ẹni tó lè dá a padà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi náà, kí olùkọ́ rẹ̀ sọ fún un fúnra rẹ̀ ohun tí àwọn ẹ̀dà àtijọ́ wí nípa ìparí Máàkù, kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ fi dójú tì í.