Mo Ti Dárí Jì Í: Ṣé Kí N Ṣì Máa Ka Owó Mi?

Ọ̀rọ̀ ilé mi ni mo mú wá lónìí. Ọmọ mi tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti kà á, ó sì gbà kí n fi ránṣẹ́.

Ọmọ ọdún 26 ni. Tramadol ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, kí ó tó kan oògùn ikọ́ tó ní codeine nínú. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe irú oògùn ikọ́ bẹ́ẹ̀ àti kíkó o wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè yọ ohun tó ti wọ ọmọ lára. Kí a tó mọ̀, ó ti ta jẹnẹrétọ̀ wa àti aṣọ òkè ìgbéyàwó mi. Ó lo oṣù mẹ́ta ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó padà dé, mo pa adìyẹ, mo sì sọ fún un pé mo ti dárí jì í.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó bá mi níbi tí mo ti ń ka owó inú báàgì mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ní ẹ ti dárí jì mí. Kí ni ẹ wá ń kà?" N kò rí èsì fún un. Àbí ẹnu lásán ni mo fi dárí jì í?

Mo padà sí àkàwé ọmọ onínàákúnàá nínú Lúùkù orí 15. Baba náà sáré pàdé ọmọ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó sì pa màlúù àbọ́pa. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń bínú, baba jẹ́ kó mọ̀ pé tirẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù. A kò kà á pé ó tún ogún pín. Bíbélì kò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì àsè. Ọjọ́ kejì yẹn ni èmi wà.

Ohun tí mo rí ni pé ìdáríjì yàtọ̀ sí ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹ̀bùn ni ìdáríjì. Ìyá lè fi tọrẹ lọ́jọ́ kan. Ìgbẹ́kẹ̀lé dà bí ilé tó wó; ẹni méjì ni yóò tún un mọ, díẹ̀díẹ̀. Àwọn dókítà kìlọ̀ pé ara ẹni tó ti fi irú oògùn yìí sílẹ̀ kò lè gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n àtijọ́ yẹn lè pa á. Nítorí ẹ̀mí rẹ̀ ni mo ṣe ń ti owó mọ́ àpótí.

Ṣùgbọ́n mo jẹ̀bi ohun kan: ní ìkọ̀kọ̀ ni mo ń kà á. Mo bẹ̀ ẹ́. A jókòó, a ṣe àdéhùn. Àpótí yóò wà ní títì, òun náà yóò sì mọ̀. Bí mo bá rán an níṣẹ́, yóò jíhìn owó. Èmi náà kò ní máa tú àpò rẹ̀ nígbà tó bá sùn. Owó ata la fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, òun ló lọ san owó iná wa, ṣénjì pé.

Bí ọmọ ẹni burú títí, a kì í lé e fún ẹkùn pa jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹkùn nítorí pé ọmọ ti padà wálé.

Kí Olúwa tu gbogbo ìyá tó ń sunkún ní ìkọ̀kọ̀ nínú. Àmín.