Fóònù Tí A Fi Ojú Ń Ṣí: Ta Ni Ó Kágò?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, àṣìṣe èmi fúnra mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ oṣù yìí. Mo gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀ kí n tó kọ ọ́, ó sì ní kí n má dárúkọ òun.

Ní ilé-kéú tí mo ti ń kọ́ni, a kì í gbà kí àwọn ọmọ máa tẹ fóònù nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, a wà lórí náhàwù, mo rí ọmọkùnrin ọdún 16 kan tí ó tẹrí ba, tí ó ń tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì. Mo lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó gbà á, ó ti tì í pa. Ọkàn mi sọ fún mi pé àwòrán ìwàkuwà ni ó ń wò. Mo ní, "Gbójú sókè." Ó gbójú sókè, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́. Mo gbé fóònù náà sí iwájú rẹ̀, ó sì ṣí. Ọmọ náà kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe tí mo fi ṣe é tán.

N kò bá àwòrán kankan níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá náà wà ní ọsibítù, ó ń sọ fún un ibi tí owó díẹ̀ tí ó kù nínú ilé wà, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ mọ irú àìsàn tí ó ń ṣe òun. Ohun tí obìnrin náà fi pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, èmi tí n kò rí i rí ti kà á. Bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Mo dá fóònù padà fún un, ṣùgbọ́n n kò lè parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ọmọ náà kò bú mi, kò sì ráhùn. Ọjọ́ 3 gbáko ni kò fi wá. Èmi ni mo wá a lọ sílé, tí mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun àti ìyá rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan kò ti kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí fóònù yẹn ṣí, ta ni ó ṣí i? Ojú ọmọ náà ni ó ṣí i. Ṣùgbọ́n ṣé ọmọ náà ni ó ṣí i?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2017 ni ilé iṣẹ́ Apple gbé fóònù iPhone X jáde, èyí tí ó lo ohun tí wọ́n pè ní Face ID. Fóònù náà a máa ta iná tí ojú ènìyàn kò lè rí sí ojú ẹni tí ó gbé e dání, ẹ̀kán iná kéékèèké tí ó lé ní 30,000, yóò fi wọn ìrísí ojú náà, yóò sì sọ ọ́ di ìṣirò. Ìṣirò yìí ni ó ń pa mọ́ sínú ara rẹ̀, tí yóò máa fi wé ojú tí ó bá dé iwájú rẹ̀. Apple ní bí a bá kó ènìyàn 1,000,000 jọ, bóyá ni a ó rí ju ẹnì kan lọ tí ojú rẹ̀ lè ṣí fóònù ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ti àwọn ìbejì, ti ọmọ ìyá tí ó jọra, àti ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 yàtọ̀. Ní ilẹ̀ wa tí a ti mọ Igbó-Ọrà káàkiri ayé nítorí Táyé àti Kẹ́hìndé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Àwọn fóònù mìíràn kò tilẹ̀ ṣe tó bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà lásán ni wọ́n fi ń wo ojú. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní ilẹ̀ Netherlands dán 110 fóònù wò, 42 nínú wọn ni ó ṣí nígbà tí wọ́n fi fọ́tò ẹni tí ó ni ín hàn án. Ní ọdún kan náà, nígbà tí Google gbé Pixel 4 jáde, àwọn ènìyàn rí i pé ó ń ṣí bí ẹni tí ó ni ín tilẹ̀ di ojú. Ó di ọdún 2020 kí wọ́n tó tún un ṣe. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí ó sùn lè ṣí ilẹ̀kùn ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìmọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Páswọ́ọ̀dù wà nínú ọkàn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ẹ, àfi kí ó béèrè lọ́wọ́ mi, mo sì lè sọ pé n kò fún ọ. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni ojú wà, gbogbo ayé ni ó ń rí i. Ẹni tí ó bá fi ojú mi ṣí fóònù mi kò bi mí ní ohunkóhun. Ó mú kọ́kọ́rọ́ láti ara mi láì bá mi sọ̀rọ̀.

Àwọn bàbá wa kì í wọ ilé onílé láìkágò. Bí wọ́n bá tilẹ̀ bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀, wọn yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò ní, "Àgò onílé o!" Àfi bí a bá dá wọn lóhùn pé "Àgò yà" kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀. Islaam tún sọ èyí di òfin. Nínú Suuratun-Nuur, ẹsẹ 27, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé a kò gbọdọ̀ wọ ilé tí kì í ṣe tiwa títí a ó fi gba àyè, tí a ó sì sálámà sí àwọn ará ilé. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ọkùnrin kan yọjú wo inú yàrá Ànábì láti ojú ihò. Inú Ànábì kò dùn sí i rárá, ó sì jẹ́ kí ó yé e pé tìtorí ohun tí ojú lè rí ni a ṣe ní kí a máa gba àyè. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ó wọlé nìkan ni ó ń dẹ́ṣẹ̀. Ojú tí ó wọlé náà ti wọlé.

Àwọn olùkọ́ wa tún máa ń sọ ìtàn kan nípa Sayyidina Umar, kálífà kejì. Wọ́n ní ó gbọ́ ohùn nínú ilé kan lóru, ó gun ògiri wọlé, ó sì bá ọkùnrin kan lórí ẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin náà ní bí òun bá ṣẹ Ọlọ́hun ní ọ̀nà kan, Umar ti ṣẹ̀ Ẹ́ ní ọ̀nà 3: ó tọ pinpin ẹlòmíràn, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sì gba àyè. Umar gbà pé òótọ́ ni, ó sì fi í sílẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ̀ṣẹ̀ ni Umar bá níbẹ̀, síbẹ̀ ohun tí ó bá kò sọ ọ̀nà tí ó gbà wọlé di ẹ̀tọ́. Èmi tí mo tilẹ̀ bá ìyá tí ń ṣàìsàn ńkọ́?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: "Ẹni tí kò ní nǹkan burúkú lọ́wọ́, kí ni ó ń bẹ̀rù?" Ìdáhùn mi ni pé ohun tí ó wà nínú fóònù mi kì í ṣe tèmi nìkan. Arákùnrin tí ó jẹ gbèsè, tí ó sọ fún mi ní kọ̀rọ̀, wà níbẹ̀. Arábìnrin tí ó ń bi mí ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Àmánà ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣí fóònù mi, ilé ogún ènìyàn ni ó wọ̀ láìkágò.

Èyí tí ó le jù ni ti tọkọtaya. Ìyàwó a gbé fóònù sí ojú ọkọ tí ó sùn; ọkọ náà a ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyàwó. N kò sọ pé ìfura kì í dunni. Ó ń dunni gan-an, àwọn ọkọ mìíràn sì wà tí ìwà wọn ni ó fa ìfura. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí nǹkan lójú oorun, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ ní òwúrọ̀? Bí kò bá rí nǹkan kan ńkọ́? Yóò tún wò ó lọ́la. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú tí ó lajú sílẹ̀ ni. Ẹ jókòó, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara yín. Bí kò bá yanjú, ẹ pe àgbà méjì láti ìhà méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí Suuratun-Nisaai ti là á sílẹ̀.

Ti àwọn òbí àti àwa olùkọ́ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé a ó jíhìn lórí àwọn ọmọ. Bí a bá rí àmì pé ẹnì kan ń fa ọmọ sínú ewu, a kò lè káwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mọ̀ pé a fẹ́ wò ó, kí ó mọ ìdí rẹ̀, kí ó sì jókòó tì wá. Agbára tí a ní lórí ọmọ kò sọ ojú rẹ̀ di kọ́kọ́rọ́ tiwa. Ohun tí ó tọ́ kí n ṣe lọ́jọ́ yẹn kò le: kí n gba fóònù, kí n fi í sínú dúrọ́ọ̀, kí n pe ọmọ náà lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kí n ní, "Kí ni ó ń dà ọ́ láàmú?"

Àwọn ohun díẹ̀ nìyí tí ó yẹ kí a ṣe:

Èkíní, bí fóònù rẹ bá ní ètò tí ń mú kí ó wò bóyá ojú rẹ là kí ó tó ṣí, rí i pé ó wà ní títàn. Bí fọ́tò rẹ bá lè ṣí i, fi ojú sílẹ̀, kí o lo páswọ́ọ̀dù.

Èkejì, arábìnrin tí ó ń lo níkáàbù kò nílò láti máa ṣí ojú rẹ̀ láàárín ọjà nítorí fóònù. Páswọ́ọ̀dù wà, ìtẹ̀ka sì wà.

Ẹ̀kẹta, má ṣe fi gbèsè tí o jẹ àti owó àjọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ sínú fóònù nìkan. Ànábì kọ́ wa pé kí Mùsùlùmí tí ó ní ohun tí yóò sọ ní wàsíyà má sun òru méjì láìkọ ọ́ sílẹ̀. iPhone tí a kò ṣí fún wákàtí 48 yóò béèrè páswọ́ọ̀dù, kò ní gba ojú mọ́; a ó sì ti sin òkú Mùsùlùmí kí àkókò náà tó pé. Kọ ọ́ sínú ìwé, kí o sì fi han ẹni tí o fọkàn tán.

Ẹ̀yin èwe mi, Suuratu Yaasiin sọ fún wa pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó di ẹnu pa, tí ọwọ́ yóò máa sọ̀rọ̀, tí ẹsẹ̀ yóò máa jẹ́rìí. Ní ọjọ́ náà, Ẹni tí ó ni ara ni yóò pè é láti sọ̀rọ̀, ẹ̀tọ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ má jẹ́ kí a máa fi ara ẹlòmíràn jẹ́rìí lé e lórí láìjẹ́ pé ó yọ̀ǹda.

Ọmọ náà ti padà sí kíláàsì, ìyá rẹ̀ sì ti kúrò ní ọsibítù, àlùhàmdùlíláì. Bí mo bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ nísinsìnyí, mo máa ń da ojú rẹ̀ dé orí tábìlì.

Kí Ọlọ́hun bo àṣírí wa, kí Ó má jẹ́ kí á jẹ́ ẹni tí yóò tú ti ẹlòmíràn. Àmín.