Àárẹ̀ Tí Oorun Kò Mú Lọ

Bíbélì kíkà: I Àwọn Ọba 19:1–8, Máàkù 5:25–34

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí wà láàárín wa, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́ síta: ọ̀rọ̀ àwọn ìyá tí ó ń rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, láti ọdún dé ọdún.

Kì í ṣe àárẹ̀ ọjọ́ ọjà tàbí ti ọjọ́ ìkórè ni a ń wí. Ìyẹn, bí a bá ti sùn, á lọ. Èyí tí a ń wí ni pé kí ènìyàn sùn láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di aago mẹ́fà òwúrọ̀, kí ó sì jí bí ẹni tí ó gún iyán mọ́jú. Kí ó fọ aṣọ díẹ̀ lónìí, kí ó má lè dìde lọ́la àti lọ́túnla. Kí ó fẹ́ pe ọmọ tí ó bí, kí orúkọ ọmọ náà sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Kí a ní kí ìjọ dìde kọrin, kí òòyì máa kọ́ ọ.

Kí ni a máa ń sọ nípa irú ìyá bẹ́ẹ̀? Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan á ní iná ìfẹ́ àkọ́kọ́ ti kú lọ́kàn rẹ̀, nítorí kò wá sí ìpàdé kíláàsì mọ́. Ẹlòmíràn á ní ọwọ́ ayé ni, kí ó wá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ṣe sí ẹni tí ó rẹ̀.

Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí òkè Kámẹ́lì dé ni. Iná ti sọ̀kalẹ̀, òjò ti rọ̀, ó sì ti sáré níwájú Áhábù títí dé Jésírẹ́lì. Ni Jésíbẹ́lì bá ránṣẹ́ ikú sí i. Ó sá, ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, òun nìkan sì rin ìrìn ọjọ́ kan wọ inú aginjù. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun, ó sì sùn.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí áńgẹ́lì tí ó wá bá a kò ṣe. Kò bá a wí. Kò bi í pé ìgbàgbọ́ orí òkè Kámẹ́lì dà. Kò pè é sí ìṣọ́ òru. Ó fọwọ́ kàn án, ó fi àkàrà tí a yan lórí ẹyin iná àti omi síwájú rẹ̀. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún dùbúlẹ̀, áńgẹ́lì náà sì jẹ́ kí ó sùn. Nígbà tí ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ náà ló tún gbé wá, ó sì sọ fún un pé ìrìn àjò náà ju agbára rẹ̀ lọ. Láti ọ̀run ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, ẹ̀yin ènìyàn wa: agbára wòlíì pàápàá ní ìwọ̀n.

Ṣùgbọ́n Èlíjà jẹ, ó sùn, agbára rẹ̀ sì padà. Ẹni tí ó jẹ, tí ó sùn, tí agbára kò padà ńkọ́? Àfi kí a wá ìdí rẹ̀.

Nínú Máàkù, ọdún 12 ni ẹ̀jẹ̀ fi ń dà lára obìnrin yẹn. Àwọn oníwàásù máa ń yára dé ibi tí ó ti fọwọ́ kan aṣọ Jésù; àwa obìnrin ló yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọdún 12 náà. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ jù, tàbí tí ó ní fíbírọ́ìdì nínú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rẹ̀ ẹ́, tí àtẹ̀gùn yóò máa nira fún un láti gùn. Àtọ̀gbẹ a máa fa àárẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń fà á, àìsàn ọkàn àti ti kíndìnrín pẹ̀lú. Ohun kékeré kan wà lọ́fun, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dín kù, gbogbo ara á wúwo. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn wà tí ń mú ó rẹni. Kí a sọ fún dókítà, kí a má ṣe fúnra wa já a sílẹ̀. Nítorí náà, kí ìyá tí ó ń rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó má kàn máa ra oògùn ibà ní kẹ́mísìtì lóṣooṣù. Jésù kò bá obìnrin yẹn wí pé ó ti lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Ìbànújẹ́ náà wà níbẹ̀. John Wesley, baba wa nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí ó kọ ìwé ìtọ́jú ara ní 1747, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní 1759 nípa obìnrin tálákà kan tí inú ń run láìdá. Oògùn kò ràn án. Ọmọkùnrin rẹ̀ ló kú, ọ̀fọ̀ náà ló sì ń jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Wàyí o, nígbà mìíràn wọ́n á yẹ gbogbo rẹ̀ wò, wọn kò ní rí nǹkan kan, àárẹ̀ náà á sì ṣì wà. Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní ME, tàbí chronic fatigue syndrome. Obìnrin ló ń ṣe ju ọkùnrin lọ. Àkọ́ṣe àìsàn bí ibà tàbí òtútù ló sábà máa ń ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì bọ́ sínú irú rẹ̀ lẹ́yìn àrùn kòrónà ti 2020. Kò tíì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń fi í hàn, kò sì tíì sí oògùn tí ń wò ó sàn. Ní 1955, ó kọlu àwọn òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 200 ní ilé ìwòsàn Royal Free ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1970, àwọn dókítà méjì ka àkọsílẹ̀ ìtọ́jú wọn, wọ́n sì kọ ọ́ jáde pé ọkàn wọn ló dà rú. Ọ̀kan nínú ẹ̀rí wọn ni pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn! Ó pẹ́ kí a tó gba àwọn aláìsàn náà gbọ́. Ní 2015, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣègùn ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ gbangba pé àìsàn ara gidi ni.

Àmì rẹ̀ tí ó hàn jù ni pé bí aláìsàn bá fi tipátipá ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ náà nìkan ni yóò san án. Lọ́la tàbí lọ́túnla ni ara yóò wó, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Owó sọgúndogójì ni: o yá wákàtí kan, o fi ọ̀sẹ̀ kan san án. Nítorí èyí ni ìlànà tí wọ́n gbé jáde fún àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2021 fi dá wọn dúró láti máa ní kí aláìsàn náà máa fi eré ìdárayá kún eré ìdárayá. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún un pé “gbìyànjú, jí ara rẹ gìrì,” ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́.

Àwa tí a ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì mọ bí a ti í ná owó tí kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó máa ná agbára rẹ̀. Kí ó mọ iye tí òun lè ṣe tí ara kò fi ní wó, kí ó dúró kí ó tó dé ibẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́, a kì í dúró kí àwọn ọmọ ṣubú lulẹ̀ kí a tó lu aago ìsinmi. Bí àkókò bá ti tó, a ó lù ú. Kí ó sinmi nígbà tí kò tíì rẹ̀ ẹ́. Kí ó jókòó sórí àpótí wẹ̀, kí ó jókòó ṣa ẹ̀fọ́, kí ó fọ aṣọ mẹ́ta lónìí kí ó fi ìyókù dọ̀la. Ọjọ́ tí ara bá yá gágá gan-an ni kí ó ṣọ́ra jù, nítorí ọjọ́ náà ló máa ń fẹ́ san gbogbo gbèsè iṣẹ́ ilé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ má yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé nítorí kò wá sí ìpàdé, ẹ má sì bu owó ìtanràn lé e. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó nígbà orin. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kí i, ẹ má lọ ní mẹ́wàá, ẹ má sì pẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Àdúrà kúkúrú, ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ bá a pọn omi, ẹ bá a gbálẹ̀. Bí ẹ bá dé tí ó ń sùn, ẹ gbé abọ́ ọbẹ̀ náà fún ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.