Ta Ni Ó Purọ́: Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí Fóònù?

Láàárín Ìkẹjà àti Agége, kò sí àpáta tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ lè fi òòlù kàn: yanrìn àti ilẹ̀ pupa ni, ẹnu kànga àti ojú kòtò ni wọ́n sì ti ń hàn. Fóònù ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dá lọ gbé lọ́wọ́. Ó ń gba ibi tí ó dúró sí láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, ó sì ń tọ́ka àríwá. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ onírin tàbí ojú irin Agége, àríwá náà lè yà. (Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì àtijọ́ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.)

Olùkọ́ kò sí níbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ohun tí fóònù wí sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, ta ni ó purọ́? Fóònù kò mọ irọ́. Ẹni tí ó rí irin nítòsí, tí kò sún sẹ́yìn láti tún un wò, òun ni ó purọ́, kódà bí ohun tí ó kọ bá ṣe déédéé. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti máàkì: ẹni tí ó bá fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wádìí bóyá omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ń wọ inú kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, ìhà tí kò sí ni yóò máa wá a sí.