Bí Iná Bá Jó Oko Kòkó

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹni tí iná oko kò bá jó rí a máa fẹnu lásán pa òwe yìí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ń bẹ láàárín ikú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìdìde ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún 1983, nígbà tí ọ̀dá mú láti Gánà títí dé ilẹ̀ Yorùbá, tí ọyẹ́ sì gbẹ ewé abẹ́ kòkó bí ẹni yan án, iná tí ó ti inú pápá ràn wọ oko kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Màjàlà ti ṣòfófó fún ará ilé kí ará oko tó délé, ẹni tí ó sì fi owó kòkó kọ́lé, tí ó fi rán ọmọ ní ilé-ìwé, di ẹni tí ń ka kùkùté.

Kí ni ó yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ṣíṣe? Àwọn mìíràn a yọ àdá lọ́jọ́ kejì, wọn a bẹ́ gbogbo igi kòkó náà lulẹ̀. Inú bíbí ni ìyẹn, inú bíbí kì í sì í da nǹkan fúnni. Àgbà àgbẹ̀ a dúró de àkọ́rọ̀ òjò. Bí ilẹ̀ bá ti mumi, a fi ẹnu ọ̀bẹ ha èèpo igi díẹ̀ nítòsí ilẹ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá gbẹ, tí ó pọ́n, ó parí, ṣùgbọ́n bí ó bá tutù minimini, igi kò kú, abẹ́ èèpo ibẹ̀ ni ìrètí àgbẹ̀ sá pamọ́ sí.

Ọ̀mùnú a wá yọ lọ́pọ̀lọpọ̀ lára igi náà, ojú tí ìyà ti jẹ a sì fẹ́ dá gbogbo wọn sí, èyí tí kò dára. Èyí tí ó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ, tí ó sì dúró ṣánṣán, ni à ń mú. A gé ìyókù, a wa iyẹ̀pẹ̀ sí i nídìí kí ó lè ta gbòǹgbò tirẹ̀, ìgbà tí ó bá sì lágbára ni a tó gé ògbólógbòó igi náà, ní ìdagun, kí omi òjò má baà dúró lórí rẹ̀. (Gígé yìí a máa dunni, pàápàá bí ó bá jẹ́ baba ẹni ni ó gbìn ín.) Ọmọ àgbagbà ni à ń rì sáàárín wọn: òun ni yóò ṣíji bo ọ̀mùnú, òun náà ni ilé yóò máa jẹ, tí ìyàwó yóò máa tà, títí kòkó yóò fi so, kì í sì í pẹ́ tó èyí tí a fi kóró gbìn, nítorí gbòǹgbò àtijọ́ ni ó ń bọ́ ọ.

Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Nítorí náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún ń kanlẹ̀kùn, kí onítọ̀hún ro etí oko rẹ̀ yíká títí ilẹ̀ yóò fi hàn, kí ó sì gbá ewé gbígbẹ ibẹ̀ kúrò, kí iná má baà tún rí ọ̀nà wọlé.