Ìrẹ̀lẹ̀ Kọ́ Ni Kí Ènìyàn Ka Ara Rẹ̀ Sí Aláìníláárí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń fa àríyànjiyàn láàárín àwa alfa ní Kétu àti Ìkòsí. Bí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kan bá gbà lọ́kàn pé òun kò wúlò fún ohunkóhun, ṣé ó tọ́ kí ó lọ jókòó síwájú dókítà tí ń tọ́jú ọkàn, àbí àìgbáralé Ọlọ́hun ni ìyẹn?

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ẹ wo ọmọ tí ó lo ọdún mẹ́wàá ní ilé-kéú, tí ó há Alukurani sórí, ṣùgbọ́n tí ó ń ru àpò ata àti tòmátì ní ọjà Mile 12, nítorí pé ọ́fíìsì tí ó bá kàn kò ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí. Iṣẹ́ alábàárù kì í ṣe ẹ̀gàn. Òógùn ojú ẹni ni. Ohun tí ó burú ni pé, bí a bá ní kí ó wá ṣe imaamu fún wa ní ìrun Asri, á fà sẹ́yìn, á ní, "Èmi kẹ̀? Ta ni mo jẹ́?" Àwọn àgbà á sì máa yìn ín pé onírẹ̀lẹ̀ ọmọ ni. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá wọn jiyàn.

Onírẹ̀lẹ̀ mọ ohun tí ó ní, ó sì mọ̀ pé Ọlọ́hun ni ó fún òun. Ẹni tí ó fojú tẹ́ńbẹ́lú ara rẹ̀ kò gbà pé a fún òun ní nǹkan kan rárá. Nínú hadiisi tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá, Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti máa pe ọkàn ara wa ní ohun búburú. Ó fún wa ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a lè fi sọ bí ó ti ń ṣe wá. Ẹ kíyè sí i: kò ní kí á má sọ pé nǹkan ń ṣe wá.

Àwọn kan á ní, "Ìwòsàn ọkàn wà nínú Alukurani, kí ni a tún ń wá lọ sọ́dọ̀ dókítà?" Òótọ́ ni pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Suratu Taha, nígbà tí Ànábì Musa bẹ Ọlọ́hun kí ó tú kókó ahọ́n òun, nínú àdúà kan náà ni ó ti tọrọ pé kí Harun arákùnrin òun jẹ́ olùrànlọ́wọ́ òun. Ọlọ́hun kò bá a wí pé ó wá ènìyàn kún un. Ó fún un ní ohun tí ó tọrọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ yìí. Abu Zayd al-Balkhi, Mùsùlùmí tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé kan lórí àláàfíà ara àti ti ọkàn. Ó ní bí ènìyàn ti ń tọ́jú oògùn pamọ́ de àìsàn ara, bẹ́ẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú èrò rere pamọ́ de ọjọ́ tí ọkàn bá dàrú. Nílẹ̀ wa níbí, láti ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé Aró, ní Abẹ́òkúta, tí ẹbí wọn ń bá wọn gbé, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú lójú mọmọ. Ó mọ̀ pé ènìyàn kì í dá nìkan sàn.

Ìtìjú ni ó ń dá wa dúró. Láti ọdún 1907 ni ilé ìwòsàn Yábàá ti wà; títí di òní, bí ẹnì kan bá sọ ìsọkúsọ, ará Èkó á ní "Yaba Left" ni ó kàn. Òfin àwọn wèrè ti ọdún 1958 ni a ń lò títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Ẹni tí ó kàn ń ka ara rẹ̀ sí ẹni yẹpẹrẹ kì í ṣe wèrè rárá. Ọ̀rọ̀ sísọ ni púpọ̀ nínú ìtọ́jú rẹ̀: ta ni ó kọ́kọ́ pè ọ́ ní olódo? Ẹ̀rí wo ni ó fi gbè é lẹ́sẹ̀? Kí ni o ti ṣe tí ó yọrí sí rere, tí o kò kà sí? Lẹ́yìn náà, wọn á fún un ní iṣẹ́ kékeré tí apá rẹ̀ ká, tí yóò ṣe kí wọ́n tó tún ríra.

(Ó yà mí lẹ́nu pé alfa tí ó gba owó hàntú àti owó àgbò lọ́wọ́ òbí, tí ó sì ní àwọn ìyá àgbà ilé ni wọ́n di ọmọ náà mú, ni ó ń sọ pé owó dókítà ti pọ̀ jù.)

Owó náà ń nini lára lóòótọ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ìjọba ni ti Yábàá, ó sì ní ẹ̀ka kan ní Oṣòdì tí ó wà fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, tí kò jìnnà sí Kétu. Bàbá tí yóò bá sin ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, kí ó bá a jókòó, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn nígbà tí dókítà bá béèrè ohun tí ń ṣe é.